Má Pa Ewú Mi Rẹ́

Gbogbo Ọ̀wọ̀ ló mọ̀ pé òkú ni Jìbírílù ayàwòrán máa ń yà. Bí ẹbí bá gbé fọ́tò olóògbé wá, wọn á ní kó na awọ ojú tó ti hunjọ, kó fi dúdú sí irun, kí àlejò lè rí arẹwà níbi ìsìnkú. Nítorí náà, lọ́dún 1992, nígbà tí Monica, nọ́ọ̀sì tó gbẹ̀bí títí ní Arimogija kó tó fẹ̀yìn tì, fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé pé kó ya àwòrán òun, ọkùnrin náà kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá àwọn ọmọ olóògbé ń bọ̀.

"Ya ewú mi bó ṣe wà," ni Monica wí. "Má dín ẹyọ kan kù."

Ẹ má rò pé fáàrí ló ń ṣe. Ìyá rẹ̀ kú kí ewú tó yọ lórí rẹ̀. Theresa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kú bẹ́ẹ̀ náà. Nínú ìdílé yẹn, Monica lobìnrin àkọ́kọ́ tó hu ewú. Ṣùgbọ́n Fúnmiọlá, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ti ń sún mọ́ ọjọ́ orí tí àwọn yẹn fi kú, irun rẹ̀ sì dúdú bíi kóró iṣin. Ìbẹ̀rù yìí ò jẹ́ kí ìyá rẹ̀ gbádùn. Ó fẹ́ gbé àwòrán náà kọ́ sí pálọ̀ ọmọ náà, kó máa rí i lójoojúmọ́ pé obìnrin ilé wọn lè dàgbà.

Àṣé Fúnmiọlá ti gbọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ gba àwòrán, òun ló kọ́kọ́ dé láti ọ́fíìsì káńsù, ojú rẹ̀ le koko. Ó ní kí Jìbírílù fi ọ̀dà dúdú bo orí náà kíákíá; ta ló ní kó sọ ìyá òun di arúgbó kùjọ́kùjọ́? Monica wọlé, ó bá búrọ́ọ̀ṣì lórí àwòrán. Ó gbá ọwọ́ ayàwòrán mú.

"Má pa ewú mi rẹ́."

"Màmá, wọ́n á ní mi ò tọ́jú yín," ni Fúnmiọlá wí.

"Ṣé o mọ ọjọ́ orí tí ìyá mi fi kú? Ìwọ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ débẹ̀. Mo máa ń wo orí rẹ, ẹ̀rù á sì máa bà mí."

Jìbírílù gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀.

Fúnmiọlá tú gèlè rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ síwájú ìyá rẹ̀, ó fi ìka la irun níyà. Nídìí irun, níbi tí dáì ò tíì dé, funfun ti hù káàkiri.

"Ó ti pẹ́, Màmá. Ìtìjú ni mo fi ń bò ó."

Monica gba orí náà mọ́ àyà, ó ń tú irun rẹ̀ wò, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ọmọ yìí," ló wí, "ohun tí mo ń gbààwẹ̀ lé lórí ni o ń kun dáì sí."