Ọjọ́ Tí Opó Ṣi Ọkọ Mi Kí

Bí omi bá fà kúrò létí odò ní Port Harcourt lọ́sàn-án, òórùn ẹrẹ̀ a gba gbogbo àdúgbò wa, a dà pọ̀ mọ́ ti edé gbígbẹ tó ń ti ọjà Creek Road bọ̀. Àlejò tó bá wọlé wa a yínmú. Èmi ò gbọ́ òórùn náà mọ́ lẹ́yìn ọdún kìíní. Ẹnu ọ̀nà ilé yẹn ni mo ti ń ránṣọ ní ìparí àwọn ọdún 1970, nígbà tí ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń kọ́ èbúté Onne, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, ọmọ Ìjẹ̀ṣà bíi tiwa. Ọkọ̀ ibi iṣẹ́ kan náà ló máa ń wá gbé àwọn méjèèjì láàárọ̀.

Ìwọ náà mọ ọkọ mi. Kì í ṣe èèyàn burúkú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kì í wọ̀ ọ́ létí bọ̀rọ̀. Bí a bá ní Ọlọ́run ló ṣe ire kan, á bi wá pé ta ló wá ṣe ibi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ ọ̀run, á ní òun ò tí ì rí ẹni tó lọ tó padà wá ròyìn. Mo bínú títí ó fi sú mi. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ yìí ní tirẹ̀, akọrin ni nínú ìjọ Yorùbá wa kékeré, òun ló sì máa ń gbàdúrà fún gbogbo èrò inú ọkọ̀ náà kí wọ́n tó gbéra. Ọkọ mi a dákẹ́ títí wọn á fi ṣe àmín. Síbẹ̀, wọn ò lè jẹun kí ọ̀kan má bu fún èkejì.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò rọ̀, tírélà kan já lu ọkọ̀ náà lọ́nà Onne. Apá ọkọ mi kán. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kú kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù. Ẹni tó gbàdúrà láàárọ̀ ọjọ́ náà ló kú, ẹni tí kò gbà á ló padà wálé.

Ni ilé wa bá kún. Ẹ kú ewu, ẹ kú orí ire, títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Obìnrin ará ilé wa kan, ọmọ Ikwerre, ní, "Na God save Oga." Ọkọ mi wò ó, ó ní, "And my friend, who forget am?" Àwọn àgbà ìjọ ní Ọlọ́run dá a sí kó lè ronú pìwà dà ni. Ó ní, "Kí èmi lè ronú ni wọ́n ṣe pa ọkọ ọlọ́kọ? Ìyẹn mà wọ́n jù."

Èmi ò gbọ́ irú ìyẹn. Ọkọ mi wà láàyè, mo fẹ́ dúpẹ́, mo sì fẹ́ kí gbogbo ayé rí mi níbi tí mo ti ń dúpẹ́. Mo ti sọ fún pásítọ̀ pé ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ la máa jó lọ síwájú pẹpẹ, tí ọkọ mi á sì jẹ́rìí. Mo ti ra léèsì, mo ti ń rán an. Ọkọ mi ní òun á bá mi lọ, òun á bá mi jó pàápàá, ṣùgbọ́n òun ò ní dúró níwájú opó ọ̀rẹ́ òun kí òun máa sọ pé Ọlọ́run rántí òun. Mo ní bí kò bá jẹ́rìí, kó má pè mí níyàwó mọ́. O mọ ẹnu mi, ó mú nígbà yẹn, ó ṣì mú títí di òní.

Lọ́sàn-án Sátidé, opó náà wọlé dé. Ó wọ aṣọ dúdú, ó gbé àpò ọsàn kékeré kan dání. Mo yára ti léèsì sábẹ́ máṣíìnì. Kò tí ì wá sílé wa láti ìgbà ìsìnkú, mo sì mọ ohun tó mú un wá. Ẹni tó bá yọ nínú jàǹbá, dandan ni ká kí i, ì báà jẹ́ ọkọ ẹni ló kú níbẹ̀. Báwo lèèyàn ṣe ń gbọ́ ẹ kú ewu lẹ́nu irú obìnrin bẹ́ẹ̀?

Ó kúnlẹ̀ níwájú ọkọ mi, ó ní, "Bọ̀dá, ẹ kú ará fẹ́ra kù."

Ó ṣì í sọ ni. Ohun tí gbogbo èèyàn ti ń kí òun fúnra rẹ̀ láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú nìyẹn, òun ló wà lẹ́nu rẹ̀. Ó fọwọ́ bo ẹnu. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, ẹ kú ewu ni mo fẹ́..." Kò parí rẹ̀. Ọkọ mi ti ń sunkún.

Mi ò rí i kó sunkún rí, kò sun ún lọ́sibítù, kò sun ún níbi ìsìnkú. Ó fi apá tó dá ṣáṣá gbé obìnrin náà dìde, ó ní, "Ìwọ nìkan lo kí mi dáadáa." Ìgbà yẹn ló tó yé mi. Gbogbo wa là ń bá a yọ̀, kò sẹ́ni tó rántí pé ọ̀rẹ́ ọkùnrin yìí kú. Èmi tí mò ń sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mi ò bá a kẹ́dùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé mi ò lè gbójú sókè.

A jókòó, mo ń bó ọsàn fún wọn. Opó náà gba tirẹ̀, ó ní, "Bọ̀dá, ẹ̀yin lẹ máa ń ka ìwé oríṣiríṣi. Níbi tó wà yẹn, ṣé ó ń rí mi?" Mo ṣẹ́jú sí ọkọ mi pé kó sáà ní bẹ́ẹ̀ ni. Kí ló máa bù kúrò lára rẹ̀?

Ó ní, "Ìyàwó, mi ò mọ̀. Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, irọ́ ni mo pa fún ẹ, ìyàwó rẹ̀ sì kọ́ ni mo máa parọ́ fún." Ó tún ní, "Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹ̀wà tó o dì fún un láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó jẹ ẹ́ tán nínú ọkọ̀, ó sì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé tèmi ò lata. Ẹ̀rín ló ń rín." Mo ní èsì tí mo fẹ́ fọ̀ lórí ọ̀rọ̀ ata yẹn, ṣùgbọ́n mo gbé e mì.

Mo rò pé obìnrin náà á bú sẹ́kún. Ẹ̀rín ló rín. Ó ní, "Ata rẹ̀ tiẹ̀ pọ̀ jù lọ́jọ́ náà." Lẹ́yìn náà ó ní, "Èmi gbà pé ó ń rí mi, Bọ̀dá."

Ọkọ mi ní, "Gbà á bẹ́ẹ̀. Mi ò ní gbà á lọ́wọ́ ẹ."

Bí ó ṣe lọ tán ni mo gba ilé pásítọ̀ lọ, mo ní a ò jó mọ́. Inú rẹ̀ ò dùn, kò sì fi pa mọ́. Lọ́jọ́ Ìsinmi, àwa méjèèjì jókòó ti opó náà lórí bẹ́ńṣì rẹ̀. Nígbà tí wọ́n pe àwọn olùdúpẹ́ jáde, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ mi yíjú wò mí. Mi ò dìde.

Èmi àti ọkọ mi ò tí ì fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ ọ̀run títí di bí mo ṣe ń bá ọ sọ̀rọ̀ yìí. Mo gbà pé Ọlọ́run wà, mo gbà pé a óò tún ríra, kò sì sẹ́ni tó lè bá mi yí ìyẹn padà. Ṣùgbọ́n ìbéèrè ọkùnrin yẹn ti wọ inú mi, kò jáde mọ́. Bí ire bá dé bá mi, mo ṣì ń dúpẹ́. Jẹ́jẹ́ ni mo ń dúpẹ́, nítorí mi ò mọ ẹni tó jókòó tì mí tó bẹ Ọlọ́run kan náà, tí òun ò rí tirẹ̀ gbà.