Ohùn Bàbá Mi Nínú Fóònù Màámi

Ẹ gbà mí o, wọ́n ti pa ohùn bàbá mi rẹ́!

Sójà ni bàbá mi kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Láràárọ̀, bíi ti bárékè, wọ́n á pe orúkọ gbogbo wa nílé. Kálukú á dáhùn, "Sà!" Ẹni tí ò bá dáhùn, wọ́n á lọ fọwọ́ kan iwájú orí ẹ̀ wò.

Màámi gba ohùn wọn níbi tí wọ́n ti ń pe orúkọ sínú fóònù lẹ́ẹ̀kan. Látìgbà tí bàbá ti kú, Màámi ń tẹ̀ ẹ́ láràárọ̀ nílé ní Ẹ̀pẹ́, wọ́n ń dáhùn.

Fóònù ò tan mọ́. Mo gbé e wá sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún fóònù ṣe n'Ìkòròdú.

"Àǹtí, mo ti fọ́máàtì ẹ̀, mo ti pa gbogbo nǹkan inú ẹ̀ rẹ́. Ó ti dà bíi tuntun!"

"Ohùn bàbá mi ńkọ́?"

"Ohùn wo?"

Màámi ṣẹ̀ṣẹ̀ fi fóònù aládùúgbò pè: "Tètè máa bọ̀ o. Mi ò tíì jẹ́ bàbá yín lóhùn lónìí."

Ẹ̀yin èèyàn mi, kí ni kí n gbé lọ fún wọn?