Ọ̀gá Mehr Din àti Ojú Ọ̀kín

Títí di òní, ará Multan kan kì í dárúkọ olóògbé Ọ̀gá Mehr Din, mẹkáníìkì, láì kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ọjọ́ ìgbéyàwó Sughra.

Qambar, bàbá Sughra, ń wa kẹ̀kẹ́ Màrúwá. Ó ti búra pé òun fúnra òun lòun máa gbé ọmọ òun kan ṣoṣo lọ ilé ọkọ. Ó gbé kẹ̀kẹ́ fún Nazar tó ń ya àwòrán sára ọkọ̀. Nazar ya òdòdó, ó ya ọ̀kín, ó kun gbogbo irin dé ibi tí oòrùn ò tí ì rí rí. Ìyàwó wọ inú kẹ̀kẹ́, ó jókòó. Ẹ́ńjìnnì kọ̀, wọ́n sì ránṣẹ́ pe Ọ̀gá.

"Kọ́ìlì tó ń fún púlọ́ọ̀gì níná ti kú," ni Nazar wí.

"Ṣé ìwọ lo pa á ni?" Ọ̀gá bi í.

Ó yọ púlọ́ọ̀gì, ó fi ti irin ẹ́ńjìnnì, ó ní kí Qambar yí i. Iná pupa tín-ín-rín kan ta, kò lè fo ìbú igi ìṣáná. Igi ìṣáná ni ìwọ̀n Ọ̀gá. Ó wá mú wáyà kan, ó fi kan ara kọ́ìlì àti irin ẹ́ńjìnnì. Iná búlúù ta pàá, ó fo igi mẹ́ta!

"Kọ́ìlì yè. Ọ̀dà ló wà ní ìdí bóòtù tó dè é mọ́ ara kẹ̀kẹ́, iná ò rọ́nà délé. Ẹ jẹ́ ká họ ọ́."

Bóòtù yẹn gan-an ni Nazar sọ di ojú ọ̀kín.

"Họ ojú tìẹ!" Nazar sì fẹ̀yìn ti kẹ̀kẹ́.

Kò sẹ́ni tó jẹ́ jiyàn iná pẹ̀lú Ọ̀gá. Lèmọ́mù wa jiyàn rẹ̀ nígbà kan nítorí alùpùpù rẹ̀. Ọ̀gá ní, "Ẹ bá mi di wáyà yìí mú, Ààfáà." Ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu Lèmọ́mù kò sí nínú ìwé kankan tó ti kà.

Àwọn àna ti ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Qambar ṣí láwàní rẹ̀, ó gbé e sí ẹsẹ̀ Nazar láti fi bẹ̀ ẹ́.

"Gbé láwàní ẹ, Qambar. Ojú ọ̀kín ò ṣeé họ."

Ọ̀gá pòṣé. Ọ̀dà ò jẹ́ kí wáyà ríbi dè mọ́. Ó gun ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, ó fi ọwọ́ lásán di wáyà mú mọ́ ara kọ́ìlì àti ẹ́ńjìnnì. "Qambar, wà á lọ!"

Gbogbo kòtò tí wọ́n bá kó sí, iná a gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì. "Yéè! Ìyá mi o!"

"Ẹ wo Ọ̀gá," làwọn obìnrin ẹ̀bá ọ̀nà ń wí. "Ó ń sunkún ìyàwó ju bàbá ìyàwó lọ!"

Nígbà tí wọ́n dé, omijé ti rin irùngbọ̀n rẹ̀ gbingbin.

"Iná ló fà á," ó ń jágbe. "Ẹ yé wò mí!"

Ìgbà òtútù tó kọjá ló kú. Lórí ẹní ọ̀fọ̀, a tún sọ ìtàn náà, Nazar pàápàá rẹ́rìn-ín títí ó fi ń húkọ́. Sughra, tó ti di ìyá ọmọ mẹ́ta, dúró kí ẹ̀rín rọlẹ̀.

"Irọ́ ni Ọ̀gá pa fún yín," ó ní. "Nígbà tá a dé, bàbá mi ti pa ẹ́ńjìnnì. Wáyà ti wà nílẹ̀. Mo bojú wẹ̀yìn, ó ṣì ń sunkún."