Ọjọ́ Tí Èmi Àti Mọyọ̀ Lọ Bẹ Ìyá Àgbà l'Óko Ọba

Mọyọ̀, ọmọ mi obìnrin, ló kọ́kọ́ sọ ìtàn yìí fún mi. Ọmọ ọdún márùn-ún ni. Mo ti ibi iṣẹ́ dé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, ó dúró dè mí lẹ́nu géètì, ó ní, "Dádì, Ìyá Àgbà ti lọ. Wọn ò bá ẹnikẹ́ni jà o. Wọ́n kàn ń rìn bíi pé ilẹ̀ ló ṣẹ̀ wọ́n."

Ẹ̀yin ará ilé ní Èkìtì, ẹ mọ̀ pé ìyá mi wá bá wa ní Onígbòǹgbò l'Ékòó nítorí pé ìyàwó mi bí ọmọkùnrin. Wọ́n wá wẹ ọmọ bí àwọn ìyá wa ṣe ń wẹ ọmọ: omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, kàn-ìn-kàn-ìn, òrí, kí wọ́n na apá, kí wọ́n na ẹsẹ̀, kí wọ́n wá sọ ọmọ sókè kí ẹ̀rù má baà máa bà á tó bá dàgbà. Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó mi. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, bí ọmọ ṣe lọ sókè, ìyàwó mi ò lè pa á mọ́ra mọ́. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má sọ ọ́ sókè mọ́." Màmá nu ọmọ gbẹ, wọ́n gbé e lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n di ẹrù, wọ́n gba ilé ẹ̀gbọ́n mi lọ l'Óko Ọba.

Ẹ̀gbọ́n mi pè mí lórí fóònù pé àárọ̀ ọ̀la ni Màmá fẹ́ wọkọ̀ lọ sílé. Ìdí mi ò lè gba ìjókòó. Bí Màmá bá gbé ìbínú yìí wọ agboolé, ọ̀rọ̀ náà ti di ti gbogbo ẹbí nìyẹn. Ojú wo ni ìyàwó mi máa fi wọ ibẹ̀ lọ́dún Kérésì?

Bí wọ́n ṣe pe ìrun àárọ̀ tán la jáde, ilẹ̀ ò tíì mọ́. Ìyàwó mi ò lè bá wa lọ, kò tíì pé ogójì ọjọ́ tó bímọ. Mọyọ̀ ni mo mú dání. Mo sì ti kọ́ ọ ní ohun tó máa sọ: "Wàá kúnlẹ̀, wàá ní, 'Ìyá Àgbà, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ ká lọ sílé.'" Ó tún un sọ títí ó fi já geere.

Nílé, ọ̀kadà ló ń gbé yín dé oko. Níbí, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni, òun ni wọ́n ń pè ní Márúwá. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà ló gbé wa dé Ìkẹjà, torí ọmọ tó bá jókòó lórí itan kì í sanwó. Láti ibẹ̀ la ti wọ kọ́rọ́pẹ̀, ọkọ̀ kékeré kan tó jẹ́ pé orúnkún ẹni á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àyà ẹni nínú rẹ̀. Iwájú la jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀.

Ọ̀nà náà gba àárín àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá. Ògiri ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo lè yí àdúgbò wa nílé ká. Àwọn tó ṣiṣẹ́ mọ́jú ń jáde, àwọn tàárọ̀ ń wọlé, tàwọn ti abọ́ oúnjẹ lọ́wọ́. Nígbà tó yá, òórùn bisikíìtì láti ilé-iṣẹ́ kan gba gbogbo inú ọkọ̀. Mo mí kanlẹ̀. Mọyọ̀ fọwọ́ bò mí nímú.

"Dádì, ẹ má fà á símú tán. Ẹ jẹ́ ká ṣẹ́ díẹ̀ kù fún Mọ́mì."

Awakọ̀ wò mí. "Bàbá, ẹ ti gbọ́. Ẹ máa mí díẹ̀díẹ̀."

L'Ágége, mo ra búrẹ́dì kan ní ẹgbẹ̀rún náírà. Èyí tí ẹ ń jẹ nílé ti sun ọ̀nà kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Eléyìí ṣì gbóná nínú ọ̀rá. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, á tún dìde. Lẹ́yìn ibẹ̀ ni kòtò bẹ̀rẹ̀ lójú ọ̀nà. Ọkọ̀ akẹ́rù kan wà níwájú wa tó ń kó màlúù lọ síbi tí wọ́n ti ń pa ẹran l'Óko Ọba, ọkùnrin kan jókòó lókè pẹ̀lú ọ̀pá.

"Dádì, ṣé àwọn màlúù yẹn sanwó ọkọ̀?"

Kí n tó lanu, awakọ̀ ti fèsì. "Àwọn gan-an ló máa sanwó jù lọ."

Mọyọ̀ rò ó díẹ̀. "Wọn ì bá gbé wọn sórí itan."

Ẹ̀gbọ́n mi ti wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tá a dé. "Délé, ẹni tó sọ̀rọ̀ sí Màmá dà?"

"Kò tíì jáde ọmọ, ẹ̀gbọ́n mi."

"O wá fi ọmọ ọdún márùn-ún ṣe lọ́yà."

Màmá jókòó sórí àga nínú pálọ̀, wọ́n ti wé gèlè, báàgì wọn wà lẹ́sẹ̀ wọn. Mo dọ̀bálẹ̀. Wọn ò ní kí n dìde.

"Ta ló wẹ ọmọ lálẹ́ àná?"

"Ìyá rẹ̀ fi aṣọ tútù nù ún ni, mà."

Wọ́n gbé ojú kúrò lára mi. Mo fọwọ́ kan Mọyọ̀ léjìká. Ó kúnlẹ̀. Ó wo Màmá, ó wo báàgì, gbogbo ohun tí mo kọ́ ọ sì fò lọ.

"Ìyá Àgbà, nígbà tẹ́ ẹ wà lọ́mọ ọwọ́, ta ló ń wẹ̀ yín?"

"Ìyá ìyá mi ni."

"Ṣé wọ́n máa ń sọ yín sókè?"

"Dáadáa."

"Ṣé wọ́n rí yín mú?"

Ẹ̀gbọ́n mi kọjú sí ògiri, ẹ̀rín ń mi èjìká wọn. Màmá wo ọmọ náà. "Bí wọn ò bá rí mi mú, ta lò ń bá sọ̀rọ̀ yìí?"

"Mọ́mì ò mọ̀ pé wọ́n rí yín mú. Mọ́mì ò sí níbẹ̀ nígbà yẹn." Ó wá na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú, ó la àtẹ́lẹwọ́. "Tẹ́ ẹ bá ti ń wẹ ọmọ wa, báyìí ni Mọ́mì máa ń ṣe lẹ́yìn ilẹ̀kùn."

Èmi tí mò ń gbé inú ilé náà, n ò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Màmá ń wo ọwọ́ kékeré méjèèjì náà, tí Mọyọ̀ ò tíì ká.

Wọ́n fi oríkì pe Mọyọ̀: "Àjíkẹ́, dìde, ilẹ̀ tutù." Wọ́n wá yíjú sí mi. "Gbé báàgì yẹn. Mi ò ní sọ ọmọ náà sókè títí tó máa fi pé ogójì ọjọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, kí ìyàwó rẹ wá dúró níwájú mi, kó kúrò lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Àwa méjèèjì la máa jọ mú un."

Ẹ̀gbọ́n mi bi Mọyọ̀ pé kí ni lọ́yà máa gbà. Ó ní ẹran tí kò le. L'Óko Ọba, ìyẹn ò ṣòroó rí, a sì gbé e dání lọ sílé.

Ọ̀sán la dé Onígbòǹgbò. Ìyàwó mi fẹ́ kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, Màmá ò jẹ́ kí orúnkún rẹ̀ kanlẹ̀, wọ́n ní kó lọ gbé omi kaná. Ohun tí mo rí kọ́ nínú ìrìn àjò náà kò ju pé ọ̀rọ̀ tí mo há sí ọmọ lẹ́nu, òun ni ì bá bà á jẹ́.

Omi ò tíì gbóná tí Mọyọ̀ fi tún wá fà mí láṣọ. "Dádì, tí wọ́n bá ti sọ ọmọ sókè, tí kò tíì balẹ̀, ṣé ó mọ̀ pé wọ́n máa mú òun?"

Mo ní kó jẹ́ kí n rò ó. Mo ṣì ń rò ó. Ẹ̀yin ará ilé, tí wọ́n ti sọ sókè rí, tí ẹ sì ti sọ ọmọ ọlọ́mọ sókè, kí ni kí n sọ fún un?