Bí Isaiah Ṣe Ná Omi Áásìdì

Títí dòní, bí wọ́n bá dárúkọ olóògbé Isaiah Ọlọ́runfẹ́mi ní Okokomaiko, ọjọ́ tó ná omi ìdọ̀tí bí ẹni ń ná ẹja ni wọ́n máa kọ́kọ́ sọ. Beatrice, opó rẹ̀, kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn sọ ọ́ tán.

Wolé-wolé ni Isaiah, ọmọ Èkìtì, alágídí pátápátá. Bébà tí wọ́n fi ń wo áásìdì kì í kúrò lápò rẹ̀. Bó bá tì í bọ omi, àwọ̀ bébà á yí, àwọ̀ náà á sì sọ nọ́ńbà. Méje lomi tó dára. Bí nọ́ńbà bá ṣe kéré tó ni áásìdì ṣe pọ̀ tó.

Lọ́dún 1988, ilé iṣẹ́ kan tó ń fi áásìdì fọ irin ń da omi rẹ̀ sí gọ́tà tó gba ẹ̀gbẹ́ kànga Ìyá Felicia kọjá. Kànga yìí ni gbogbo àdúgbò ń pọn. Isaiah ti bébà bọ gọ́tà, ó rí méjì. Ó tì í bọ kànga, ó rí mẹ́rin. Ó dé kànga náà pa. Ìyá Felicia ní, "Wolé-wolé, ẹ ti pa wá." Ọ́fíìsì máníjà ilé iṣẹ́ náà ni Isaiah gbà lọ. Ó ní kí wọ́n ṣe kòtò onísìmẹ́ńtì, kí wọ́n da láìmù, ìyẹ̀fun funfun tó ń pa agbára áásìdì, sómi náà, kó tòrò, kí nọ́ńbà rẹ̀ sì di méje kó tó jáde.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká parí ẹ̀ sí mẹ́ta," Bánkọ́lé, máníjà, wí.

"Ẹ fi kún un."

"Mẹ́rin. Láìmù ti wọ́n."

"Ẹ fi kún un."

"Ó yá, márùn-ún. Last nìyẹn."

"Méje ni mò ń tà á. Bí ẹ ò bá rà, màá ti géètì yín."

Ó dìde, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀ bí oníbàárà tó fẹ́ kí wọ́n pe òun padà. Bánkọ́lé ò pè é. Nígbà tó dé ẹnu géètì, ó padà fúnra rẹ̀, ó ní, "Mo gbọ́ pé ẹ pè mí." Síbẹ̀, Bánkọ́lé ò kúrò lórí márùn-ún.

Nígbà tó di Kérésìmesì, Bánkọ́lé fi ìgò wáìnì kan ránṣẹ́ sí i. Isaiah ti bébà bọ̀ ọ́, ó sì dá a padà pẹ̀lú ìwé pélébé: "Wáìnì yín gan-an, mẹ́ta ni. Ẹ bá wa fi kún èyí náà." Lọ́jọ́ kejì ọdún tuntun, ó ti géètì wọn.

Ẹ má rò pé ìta nìkan ló ti ń ṣe é. Ó ti bébà bọ ògì Beatrice, ó ka mẹ́rin, ó mirí. "Màmá Rónkẹ́, ká ní ilé iṣẹ́ ni ọ́, ǹ bá ti tì ọ́ pa."

"Ẹ má mu ún nígbà náà."

Abọ́ méjì ló mu.

Kí oṣù tó parí, Bánkọ́lé ti ṣe kòtò. Wọ́n gbọ́n kànga gbẹ lẹ́ẹ̀mẹta, òjò rọ̀ sí i, Isaiah sì ń yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Nígbà tó di oṣù kẹjọ, bébà sọ méje. Ó tún gbé omi lọ sí yunifásítì ní Iyana-Iba, àwọn náà ní ó dára. Síbẹ̀, kò sẹ́ni tó gbà láti mu ún. Isaiah bá gbé àga sẹ́bàá kànga, ó mu ife mẹ́ta, ó sì jókòó síbẹ̀ láàárọ̀ títí di ọ̀sán kí gbogbo ayé lè rí i.

Beatrice sáré wá bá a níbẹ̀. "Bàbá Rónkẹ́, báwo lara?"

"Ebi ló ń pa mí."

Ìyá Felicia ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, òun náà ló sì kọ́kọ́ ju garawa sí kànga.

Nígbà tí Isaiah kú lọ́dún 1996, àwọn ẹbí fẹ́ ra omi tánkà tí wọ́n máa fi gbàlejò. Ìyá Felicia kọ̀ jálẹ̀. Arúgbó ni nígbà yẹn, àmọ́ ó fọwọ́ ara rẹ̀ pọn garawa àkọ́kọ́ ní kànga náà, ó rù ú wọlé, ó bu ife kan fún Beatrice. Beatrice mu ún tán pátá. Omi náà mọ́, ó tutù, àárò ọkọ rẹ̀ sì ń sọ ọ́.