Irin Kì Í Gún Nínú Oòrùn

Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, tí ojú gbogbo wa ń rí màbo nítorí Sáàpù, ètò ọrọ̀-ajé tí ìjọba ológun gbé dé, aago méjì ọ̀sán ọjọ́ kan bá èmi, ọ̀gá mi àti sójà kan nídìí ọkọ̀ ojú omi onírin. Ọmọbìnrin kan tó ń ta mọ́ínmọ́ín náà wà níbẹ̀, ó jókòó sẹ́nu géètì.

Ẹ lè máa béèrè ohun tí ọkọ̀ ojú omi ń wá ní Agége. Àgbàlá àwọn jórinjórin ni wọ́n ti ń kan irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn, tírélà á wá gbé e lọ sí ọ̀sà. Iṣẹ́ tiwa ni ihò tí ṣáàfù, ọ̀pá irin tó ń yí, ń gbà kọjá láti ara ẹ́ńjìnnì dé ìdí ọkọ̀, níbi tí fáànù tó ń ti ọkọ̀ wà. Ihò kékeré mẹ́ta ni, a máa ń gbẹ́ wọn fẹ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ tò sójú ìlà kan ṣoṣo. Tí ọ̀kan bá yẹ̀ díẹ̀, ṣáàfù á máa gbọ̀n, omi á ráyè wọlé, èrò á sì bá a lọ.

Ọ̀gá mi ló kọ́ mi pé a kì í gbẹ́ ihò nígbà tí oòrùn bá wà lára ọkọ̀. Ẹ̀gbẹ́ tí oòrùn bá ń pa máa fẹ̀, ọkọ̀ á tẹ̀, ojú ò sì ní rí i. Ìdájí la máa ń gbẹ́ ẹ, nígbà tí irin bá ti sùn.

Sójà náà, tí ìjọba rán wá gba ọkọ̀, fẹ́ gbé e lọ lọ́jọ́ yẹn.

"Gbẹ́ ihò yẹn kíá!"

Ojú ọ̀gá mi ti ń ṣe bàìbàì, èmi ni mò ń lo ẹ̀rọ. Ọ̀gá mi wò mí. Ẹ̀rù ń bà wọ́n. "Ọmọ mi, jọ̀ọ́, ṣe é fún wọn ká lè rímú mí."

"Ẹ má bínú, ọ̀gá. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Ó di ìdájí ọ̀la."

"Fi tápólì bò ó!" ni sójà wí.

"Irin ti gbóná tán, sà."

"Èmi lò ń dá lóhùn? Lóṣòó! Di etí rẹ mú!"

Ó ní kí n máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́ yí ọkọ̀ náà ká. Mo fò. Iyanrìn ń jó mi lẹ́sẹ̀. Ohùn kan dún láti ẹnu géètì: "Ẹ̀yin ọ̀gá sójà, ẹ kúkú na oòrùn!"

Àwọn jórinjórin bú sẹ́rìn-ín.

"Ta ló sọ̀rọ̀?"

Ọmọbìnrin náà ń ṣí ewé mọ́ínmọ́ín wò bí ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, sójà bi mí bóyá orí mi ti wálé. Mo ní ìdájí. Ó ní bí iṣẹ́ ò bá parí kí òun tó dé lọ́la, òun á ti ṣọ́ọ̀bù wa pa.

Ó tì í lóòótọ́. Òun náà ló padà ṣí i, torí ọkọ̀ ò lè jáde láì gbẹ́ ihò tán. Ọkọ̀ yẹn gbé èrò fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣáàfù rẹ̀ ò gbọ̀n. Ọmọbìnrin yẹn ni mo fi ṣaya. Ó ti dágbére fáyé. Kí n má sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lóde òní, iná pupa tín-ínrín ni ẹ̀yin ọmọ fi ń wo bóyá ihò tò, kò sì sí sójà tó máa ní kí ẹ fò bí ọ̀pọ̀lọ́. Orí fóònù ni àwọn tó gbéṣẹ́ wá ti ń kán yín lójú báyìí. Wọ́n ní ayé ti yí padà. Mi ò bá wọn jiyàn. Oòrùn tí mo mọ̀ ò tíì yí padà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí sójà ní kí n fò bí ọ̀pọ̀lọ́, kí ilẹ̀ tó mọ́, mo gbé orúnkún tó ń ro mí wọ inú ọkọ̀. Mo na wáyà tín-ínrín la ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọjá kí n lè rí ojú ìlà. Mo gbẹ́ ìkíní, mo gbẹ́ ìkejì. Ìkẹta ló kù díẹ̀ nígbà tí sójà dé, tó dúró lé mi lórí. Oòrùn yọ, ó kan ara irin. Mo pa ẹ̀rọ lójú rẹ̀, mo sọ̀ kalẹ̀, mo lọ ra mọ́ínmọ́ín.