Fáàfù Kan Ṣoṣo Tí Gbogbo Ìbàdàn Ń Tà fún Mi

Wọn ò tíì pe ìrun àárọ̀ tí mo fi wọ ọkọ̀ ní Ìṣẹ́yìn. Èmi ni mo ń bójú tó ẹ̀rọ ní iléeṣẹ́ kékeré tí ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ wa fi ń sọ ẹ̀gẹ́ di sítáàṣì. Fáàfù abẹ́ táǹkì wa, ìyẹn ohun tí a fi ń ṣí omi ẹ̀gẹ́ tí a sì fi ń tì í, ti kọṣẹ́. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti wú wà nílẹ̀ pelemọ, kò sì ní í pẹ́ bàjẹ́. Bàbá Alága, olórí ẹgbẹ́ wa, sìn mí dé ibi ọkọ̀. Wọ́n ní, "Bọ́tafíláì ni kó o rà o. Ó fúyẹ́, kò sì wọ́n." Mo ní ó dáa, sà. Nínú mi lọ́hùn-ún, mo mọ̀ pé mi ò ní í rà á.

Labalábá ni ìtumọ̀ bọ́tafíláì. Awo pẹlẹbẹ kan ló wà nínú rẹ̀ tó ń yí bí ìyẹ́ labalábá. Fún omi lásán nínú páìpù ńlá, ó dára, mi ò bú u. Ṣùgbọ́n bí a tilẹ̀ ṣí i tán, awo yẹn ò kúrò lójú ọ̀nà. Iṣan ẹ̀gẹ́ á máa lọ́ mọ́ ọn lára títí kò fi ní í lè padé mọ́. Ohun tó pa tiwa nìyẹn. Bọ́ọ̀lù fáàfù ni mo ń fẹ́: irin roboto tí wọ́n lu já láàárín. Bí o bá ṣí i, ihò yẹn á kọjú sí páìpù, ohun kan ò sì dínà. Bí o bá yí ọwọ́ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ó ti padé. Ó wúwo, ó sì wọ́n, ṣùgbọ́n òun ló yẹ wá.

Ọ̀nà dán títí a fi kọjá Mọ́níyà. Láti Ọ̀jọ́ọ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ní Agbowó, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń sọdá tìfóònù-tìfóònù bí ẹni pé bàbá wọn ló ni títì. Ní Bódìjà, ọkọ̀ tó kó pákó dábùú ọ̀nà, awakọ̀ wa sì pa ẹ́ńjìnnì, ó ní kí a fara balẹ̀. Nígbà tí a dé Mọ́kọ́lá, mo ra búrẹ́dì àti ẹ̀wà. Iye tí mo san, à bá fi bọ́ odidi ìdílé nílé.

Nílé wa, bí oníṣọ́ọ̀bù ò bá ní ọjà, á ní kò sí, á sì júwe ibòmíràn fún ọ. Ní Ìbàdàn, mi ò gbọ́ "kò sí" lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

"Ó wà, Mọ́mì. Ẹ jókòó." Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó de fìlà ló sọ bẹ́ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ tí mo wọ̀ ní Dùgbẹ̀. Ó jáde, ó pẹ́, ó sì gbé bọ́tafíláì dé.

"Bọ́ọ̀lù ni mo ní mo fẹ́."

"Ọ̀kan náà ni wọ́n, Mọ́mì. Ẹ jẹ́ kí n bá ẹnjiníà yín sọ̀rọ̀ lórí fóònù."

"Èmi gan-an ni ẹnjiníà."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ má bínú. Ó wà. Ẹ jókòó." Ó tún pe ẹnì kan lórí fóònù.

Ibi tí mo jókòó sí náà ni ìpè Bàbá Alága ti bá mi. Wọ́n ní, "Ṣé o ti rí i?" Mo mọ̀ pé àwọn tó ń ṣe gààrí ti ń yọjú wo ẹ̀gẹ́ wa, wọ́n fẹ́ rà á lọ́pọ̀. Kí Bàbá má baà tà á fún wọn, mo dáhùn pé, "Ó wà, sà."

"Ó dáa, kí àwọn obìnrin máa bẹ ẹ́ nìyẹn."

Wọ́n pa fóònù kí n tó lanu. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n bá ti bẹ ò lè dúró; bí kò bá tètè wọ ẹ̀rọ, á yí àwọ̀ padà, kò sì ní í ṣe é fi ṣe sítáàṣì funfun mọ́. Mo pè, mo tún pè. Bàbá ti gbé fóònù sí yàrá, gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn.

Ọlọ́kadà kan ló gbé bọ́ọ̀lù fáàfù wá níkẹyìn. Ọ̀dà pupa ta sí ọwọ́ fáàfù náà. Ó tóbi bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n iye tí oníṣọ́ọ̀bù dá lé e, mo ní kó bẹ̀rù Ọlọ́run. Kò dín kọ́bọ̀ kan kù. Mo bínú jáde, mo gba Ring Road lọ.

Ìyáàfin kan ló wà ní ṣọ́ọ̀bù tibẹ̀, ilẹ̀kùn gíláàsì, atẹ́gùn tútù. "Ó wà, mà. Ẹ jókòó." Wọ́n pe fóònù. Mo jókòó títí ẹ̀yìn fi ń ro mí. Ọlọ́kadà dé, ó gbé fáàfù kalẹ̀. Ọ̀dà pupa yẹn wà lọ́wọ́ fáàfù náà! Owó rẹ̀ sì ti ga ju ti Dùgbẹ̀ lọ. Mo pariwo, wọ́n ní kí n má pariwo sáwọn lórí.

Ní Challenge, Alhaji kan fún mi lómi tútù nígbà tí mo ròyìn Dùgbẹ̀ àti Ring Road fún wọn. "Tiwa lọ́tọ̀, mà. Ẹ má dá àwọn ará ibẹ̀ yẹn lóhùn. Ó wà." Mo jókòó, nítorí ó ti rẹ̀ mí. Ọlọ́kadà kan náà ló tún ya wọlé, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Ha, Mọ́mì! Ẹ̀yin náà ṣáà ni?"

Lójú Alhaji ni mo ti bi í pé, "Ọmọ mi, ilé ta ni fáàfù yìí ń gbé?"

"Bódìjà ni, mà. Ẹ̀yìn ọjà pákó."

Bódìjà tí ọkọ̀ wa ti dúró láàárọ̀! Mo yíjú sí Alhaji. Ojú ò tì wọ́n rárá. Wọ́n ní, "A kúkú sọ pé ó wà. Ṣé kò wà ni?"

Mo gun ọ̀kadà náà lọ sí Bódìjà, fáàfù wà láàárín wa. Ẹni tó ni ín ń jẹun lọ́wọ́. Mo ti fáàfù náà pa, mo bu omi sí i lápá kan, mo yẹ apá kejì wò. Ó gbẹ táútáú. Iye tó dá lé e ò tó ti Dùgbẹ̀ rárá, mo sanwó. Ọkùnrin náà nu ọwọ́, ó ní, "Mọ́mì, ẹ̀ bá ti tètè wá síbí láàárọ̀." Mo gbé fáàfù lé èjìká, mo wá ọkọ̀ Ìṣẹ́yìn lọ.

Oòrùn ń wọ̀ nígbà tí mo délé. A dè é mọ́ páìpù, omi ẹ̀gẹ́ sì tú jáde ní funfun. Bàbá Alága yí ọwọ́ rẹ̀, ó padé, ẹ̀kán kan ò jò. Wọ́n ní, "Èyí kì í ṣe bọ́tafíláì." Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Wọ́n tún yí i ṣí.

Ṣùgbọ́n Ìyá Ráfíù, opó kan tó tètè bẹ tirẹ̀ ju gbogbo ẹgbẹ́ lọ, ń ṣa ẹ̀gẹ́ sínú ọpọ́n. Ẹ̀gẹ́ náà ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Oúnjẹ ẹlẹ́dẹ̀ ló kù tó lè jẹ́.

"Ẹ kú ewu ọ̀nà o," ni Ìyá Ráfíù kí mi. "Ẹ ti rí i láti àárọ̀, kí ló dé tí wọn ò tètè gbé e fún yín?"

"Mi ò rí i, Ìyá. Mo kàn ní ó wà ni."

Gbogbo ọjọ́ ni mo fi bú àwọn ará Ìbàdàn nítorí ọ̀rọ̀ yìí, èmi náà sì ti fi tan ìyá yìí kó tó di ọ̀sán. Láti ọjọ́ náà, ohun tí ò bá sí lọ́wọ́ mi, mi ò ní í sọ pé ó wà. Ìyá Ráfíù ò bú mi. Wọ́n ní kí n wá bá àwọn gbé e rù. Mo gbé ọpọ́n náà lé wọn lórí, wọ́n sì ń lọ sílé.